Ọmọ Ìyá Kan Náà: Kírìjì, Ukraine àti Ọ̀rọ̀ Òmìnira

Ìtàn ni wọ́n ní kí n máa bá yín sọ lórí ètò yìí, ìtàn náà ni mo tún gbé dé.

Bí ẹ bá ń kọjá níbi tí wọ́n ń pàtẹ ìwé ìròyìn sí láàárọ̀, ẹ mọ àwọn tí mò ń wí: àwọn tó máa ń ka àkọlé láti òkè délẹ̀ láì ra ẹyọ kan, tí wọ́n á sì tún jiyàn lé e lórí títí oòrùn á fi mú. Láti ìgbà tí ogun Ukraine ti gbóná, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹnì kan á ní, “Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kí ni wọ́n ń bá ara wọn fà?” Èkejì á ní, “Ìjà òyìnbó ni, kò kàn wá.” Ẹni kẹta á rẹ́rìn-ín, á ní, “Kò kàn ọ́ kẹ̀? Èló lo ra búrẹ́dì lánàá?”

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá èkejì àti ẹ̀kẹta lóhùn, torí ìdáhùn tiwọn ò le. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì tí à ń jẹ ní Nàìjíríà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Kí ogun náà tó dé, bí a bá kó gbogbo àlìkámà tí orílẹ̀-èdè kan ń tà fún òmíràn láyé jọ, ti Rọ́ṣíà àti Ukraine á tó ìdámẹ́rin rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine, àwọn èbúté tí Ukraine fi ń kó àlìkámà gba Òkun Dúdú jáde sì pa dé. Owó ìyẹ̀fun gbéra nílẹ̀. Dísù tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ náà gbéra. Kó tó di ìdajì ọdún, búrẹ́dì tí à ń rà ti fúyẹ́ lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì wúwo lápò. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn lẹ́bàá títì Ìdímù ní Èkó níbí ò tíì ní gbàgbé ìgbà tí oníbàárà méjì ń pín búrẹ́dì ẹyọ kan, tí olúwarẹ̀ á máa fi ojú wọn ibi tí ọ̀bẹ gbà. Ẹni tó bá wí fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ pé ogun náà kò kàn án, ẹnu olúwarẹ̀ ló ń yá.

Àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló ń kàwé ní Kharkiv, ní Sumy, ní Kyiv, ìmọ̀ ìṣègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́, torí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò gunpá bíi ti ìlú Ọba. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ ìró bọ́ǹbù lóru. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù lọ sí ẹnu ààlà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ń ti aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn kí àwọn onílùú lè kọ́kọ́ kọjá. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún náà ni ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó kó àwọn tó sá jáde balẹ̀ sí Àbújá. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu ààlà yìí pamọ́ torí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Ukraine ní rere. Ẹni tó ń jà fún òmìnira ara rẹ̀ lè ti ẹlòmíì kúrò lórí ìlà. A ó tún bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé nílé wa níbí kó tó pẹ́.

Ó wá ku ti ọmọ ìyá. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí.

Ọmọ ìyá ni Ìbàdàn àti Èkìtì. Ọmọ ìyá ni Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n sì jà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 tí ogun náà ti ru títí di 1893 tí wọ́n tú ibùdó ogun tó kẹ́yìn ká. Orúkọ tí a ń pe ogun náà ni Kírìjì, bí ìró ìbọn ńlá ṣe ń dún láàárín òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Mi ò mọ ogun mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tó jọ ti Ukraine tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí ìbọn, bí kò ṣe torí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gàba. Ẹ jẹ́ kí a fún ẹni tó ṣiṣẹ́ lówó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń wó lọ, tí Ìlọrin ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, tí ẹṣin wọn ń rọ́ bọ̀ níhà gúúsù, ta ló dá wọn dúró? Ọmọ ogun Ìbàdàn ni, ní Òṣogbo, ní ọdún 1840. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn jagunjagun ní nǹkan bí 1829, kò tíì pé ọdún méjìlá tó fi di odi fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn wa níbẹ̀, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn gba owó iṣẹ́ náà kọjá ẹ̀tọ́. Láti nǹkan bí 1850 lọ, ogun wọn ń wọ ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà. Iléṣà bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 1870. Ìlú tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, wọ́n á fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú Ìbàdàn, òun náà ni etí wọn. Ìlú ni yóò kọ́lé fún un, ìlú ni yóò bọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ẹrú rẹ̀, àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ ọ̀gá wọn dẹ́rù ba àwọn aráàlú. Ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó ń dá sí ẹjọ́ tó yẹ kí ọba dá, bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá sì wọ̀ ọ́ lójú, ewúrẹ́ náà di tirẹ̀ nìyẹn. Bí ará ìlú bá wá ṣàròyé, ìdáhùn tó ń gbọ́ ni pé, bí kì í bá ṣe àwa ni, Fúlàní ì bá ti kó yín tán.

Ní 1878, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun ti kọ́kọ́ ru níbòmíràn, ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Òkèmẹ̀sí ń jẹ́ Oyèpẹtun. Ìtàn sọ pé wọ́n ń ṣe ọdún lọ́wọ́ nígbà tó bá ìyàwó Fábùnmi, ọmọ ọba ìlú náà, ṣe ohun tí kò yẹ. Fábùnmi yọ idà, ó bẹ́ ajẹ́lẹ̀ lórí. Ìbàdàn ní kí wọ́n fi orí Fábùnmi ránṣẹ́ sí àwọn. Wọn ò fi ránṣẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ìlú kan ń gbọ́ tòmíràn, wọ́n ń pa ajẹ́lẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àfi bíi pé gbogbo wọn ti ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dán an wò. Ibẹ̀ ni Èkìtìparapọ̀ ti dìde: Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Àkókó, àwọn ìlú tó jẹ́ pé títí dìgbà náà, wọ́n máa ń bá ara wọn jà nítorí ààlà oko.

Ẹ jẹ́ kí a fi Fábùnmi sílẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú idà rẹ̀, kí a padà sí ọ̀rọ̀ Ukraine.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, oṣù méje ṣáájú ogun, Vladimir Putin kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan síta. Kókó rẹ̀ ni pé ọmọ Rọ́ṣíà àti ọmọ Ukraine, ènìyàn kan náà ni wọ́n. Ẹ fetí sí i dáadáa. Kò ní ọ̀tá ni wọ́n. Ó ní ara wa ni wọ́n, wọ́n sì ṣìnà. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn lásìkò Kírìjì, kò kọ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ohùn náà jọra. Ẹ̀rù ọ̀tá tó ní òun fẹ́ pa ọ́ kì í bà mí tó ti ẹni tó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ débi pé kò yẹ kí o ní ilé tìrẹ.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ ka ìdílé, Kyiv ni ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 988 tí Volodymyr, ọba Kyiv, gba ẹ̀sìn Kristi fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kò sí ìwé kankan tó dárúkọ Moscow. Ọdún 1147 ni orúkọ Moscow kọ́kọ́ jáde nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn jà, torí kí ni ọjọ́ orí ìlú ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó yẹ kó máa ṣàkóso rẹ̀? Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Ìdímù tí a jókòó lé yìí, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní Olófin bàbá wọn ti gbéra. Gbogbo ọmọ Oòduà ló gbà pé Ifẹ̀ ni orísun. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ti Ifẹ̀ dé lọ́la pé òun ni ajẹ́lẹ̀ tuntun ní Ìdímù, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò ṣe kí i káàbọ̀.

Bí Rọ́ṣíà ṣe wọlé sí Ukraine lára jọ bí Ìbàdàn ṣe wọ àwọn ìlú kan ní Èkìtì. Bohdan Khmelnytsky, olórí àwọn ajagun Cossack, ti ń bá Pólándì jà láti 1648. Agbára rẹ̀ ń dínkù, ó bá yíjú sí ọba Moscow fún ìrànlọ́wọ́ ní 1654. Ìrànlọ́wọ́ dé lóòótọ́. Àwọn tó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ ni kò padà sílé mọ́. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 130 lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ọmọ ajagun wọ̀nyẹn ti di ẹrú lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Taras Shevchenko, akéwì tí gbogbo Ukraine ń bọlá fún, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1814. Ẹrú ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ló rà á padà ní 1838, nígbà tó sì di 1847, ọba Rọ́ṣíà lé e lọ sí ìgbèkùn nítorí ewì tó kọ, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò gbọdọ̀ yàwòrán.

Ní 1876, ọdún kan péré kí ogun tiwa tó ru, ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì, pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ tẹ ìwé jáde ní èdè Ukraine mọ́, àyàfi díẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ kó irú rẹ̀ wọlé láti ìlú òkèèrè. Ẹ fi wé ilé wa. Ní 1884, tí ìbọn ṣì ń dún ní Kírìjì, odindi Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí ti jáde. Ó di 1903 kí àwọn ará Ukraine tó rí odindi Bíbélì gbà ní èdè wọn, Vienna ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́, nílẹ̀ òkèèrè, torí kò ṣeé tẹ̀ nílé. Nítorí náà, nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń jà lórí èdè ní Ukraine, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ gírámà ni.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní 1932 sí 1933. Ìjọba Stalin gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó bù fún wọn iye ọkà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó wá, iye náà sì ju ohun tí ilẹ̀ lè so. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wọ ilé kiri, wọ́n ń fi irin gún ilẹ̀ yàrá láti wá ọkà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Òfin kan jáde ní oṣù Kẹjọ 1932: ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń pèéṣẹ́ nínú oko ìjọba, tó ń ṣa ọkà tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ẹ̀wọ̀n tàbí ikú ni. Rúùtù inú Bíbélì tí ẹ ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ pípèéṣẹ́ ni ó fi bọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ní Ukraine, wọ́n yìnbọn pa ènìyàn nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1933 wọ́n tún dí ọ̀nà, kí àwọn tébi ń pa má baà lè jáde lọ wá oúnjẹ níbòmíràn. Mílíọ̀nù mélòó kan ènìyàn ló kú, lórí ilẹ̀ tó lọ́ràá jù ní Yúróòpù. Ẹ̀yin tí ẹ lójú láàárín 1967 sí 1970, tí ẹ rí àwòrán àwọn ọmọ Biafra tí ikùn wọn wú, tí egungun àyà wọn ṣeé kà, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ebi lè ṣe nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di ohun ìjà. Mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì ń gbọ́ mi báyìí tó ń bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé tí Fábùnmi fi jàre tí Biafra ò sì jàre. Ìbéèrè gidi ni. Ó tó odindi ètò kan fúnra rẹ̀, mi ò sì ní fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn rẹ̀.

Kí n kàn parí ti Ukraine lórí òǹkà kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1991, wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ pé ṣé wọ́n fẹ́ dá dúró. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní Crimea pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ń sọ èdè Rọ́ṣíà, ó ju ìdajì lọ. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìyá, ọmọ ìyá sì ti fèsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sójú ogun tiwa. Ìbẹ̀rẹ̀ kò dára fún àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1878, Ìbàdàn fọ́ àwọn Èkìtì, àwọn Ìlá àti àwọn Ìlọrin tó gbè wọ́n lẹ́yìn ní Ìkirun. Àwọn tó ń sá kó sí odò Ọ̀tìn, odò gbé wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ogun ọjọ́ náà ní Jálumi. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ìlọrin, tí Ìbàdàn dá dúró ní 1840, ti di alábàárìn àwọn tó ń bá Ìbàdàn jà. Ogun kì í wo ìtàn àná kó tó yan ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, akọni ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ìbàdàn ti mú un lẹ́rú rí, ó ti gbé láàárín wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ogun. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun. Kí n sì sọ òótọ́: kì í ṣe ańgẹ́lì. Kó tó dé Kírìjì, ogun tirẹ̀ náà ti kó àwọn ènìyàn lẹ́rú ní ìhà Àkókó. Àwọn olóyè Èkìtìparapọ̀ ní ẹrú nílé, òmìnira tí wọ́n ń jà fún kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú wọ̀nyẹn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ààlà Ukraine tí mo sọ ṣáájú. Àbàwọ́n ń bẹ lára wọn, ẹjọ́ wọn sì tọ́ síbẹ̀. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ sọ.

Ààrẹ Látòósà fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sójú ogun, ìtàn sì sọ pé ó ní ogun tí yóò fi òpin sí gbogbo ogun lòun ń lọ jà. Kò padà wálé. Inú ibùdó ló kú sí ní 1885. Ibùdó méjèèjì kọjú síra, odò Fẹ́jẹ̀bójú wà láàárín. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ti di ìlú: ilé amọ̀ wà níbẹ̀, ọjà wà, wọ́n ń dáko lẹ́yìn odi, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ibùdó ní 1879, kò mọ ilé mìíràn títí wọ́n fi tú u ká.

Èkó wa níbí ló yí ogun náà padà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó nígbà náà, wọ́n ti ta ọ̀pọ̀ wọn lẹ́rú rí kí wọ́n tó rí ọ̀nà bọ̀. Àwọn kan ti Sàró dé, àwọn kan ti Brasil dé, bíi Philip José Meffre. Òun àti Joseph Haastrup àti àwọn mìíràn kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Gómìnà, wọ́n sì ń ra ìbọn ránṣẹ́ sílé. Ìbọn wo? Ìbàdàn ń lo ṣakabùlà. Ẹni tó bá gbé e yóò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, yóò fi ọ̀pá kì í, yóò da ọta lé e, yóò tún kì í, kó tó gbé e sójú. Ìbọn tó ti Èkó dé, irú Snider àti Martini-Henry, ìdí ni wọ́n ti ń ti ọta bọ̀ ọ́; kí oníṣakabùlà tó kì í tán lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ti yìn léraléra, ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà. Ọmọ ogun Ìbàdàn tí kò sá fún ẹnikẹ́ni rí, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ láti fi pamọ́. Lásìkò kan náà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà mọ́ wọn kí ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyà rẹ̀ jẹ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú náà, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n lé Awùjalẹ̀ Fidípọ̀tẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1883.

Ìbọn láti òkèèrè náà ni Ukraine fi dúró, pẹ̀lú ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹrin 2022 fi wọlé, ogun tó fẹ́ gba Kyiv ti yí padà lẹ́yìn ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbọn ẹlòmíì jà, ọ̀rọ̀ olówó ìbọn yóò máa wọ inú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ukraine mọ èyí ju wa lọ. Nígbà tó gba òmìnira ní 1991, ohun ìjà nukilia tó kù sílẹ̀ rẹ̀ ni ó pọ̀ ṣìkẹta láyé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1994, ní Budapest, ó fọwọ́ sí i pé òun yóò kó wọn sílẹ̀. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní í rú ààlà rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2014, Rọ́ṣíà gba Crimea.

Tiwa náà ní irú rẹ̀. Ogun ti sú gbogbo ènìyàn. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kó bá wọn parí rẹ̀. Gómìnà Moloney rán àwọn àlùfáà méjì ọmọ ilẹ̀ wa, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì. Ní 1886, àdéhùn jáde, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án sì ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Gẹ̀ẹ́sì tí Aláàfin ní kó wá ṣe alárinà, kò pẹ́ tó fi di ọ̀gá. Ní 1892 Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Ìjẹ̀bú. Ní 1893 Gómìnà Carter tú àwọn ibùdó ogun tó kù ká. Ní 1894 Captain Bower mú Ògèdèǹgbé, ó gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Ní 1895 Bower kan náà rọ òjò ọta lu Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin tó kọ̀wé pè wọ́n. Òmìnira tí àwọn ọmọ Èkìtì gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn, ọwọ́ wọn kò tíì gbóná lórí rẹ̀ kó tó bọ́ sọ́wọ́ àlejò.

Síbẹ̀, mo gbà pé àdéhùn 1886 yẹn dára ju ọ̀pọ̀ tí mo ti kà lọ. Ó sọ ọ́ gbangba pé Èkìtìparapọ̀ ti bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ìlú mẹ́rin, Ọ̀tán, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ, yóò wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn. Ará ibẹ̀ tí kò bá sì fẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí Ìjẹ̀ṣà má ṣe ọmọ Yorùbá mọ́. Lónìí, nínú ojúlé kan ní Ìdímù, ọmọ Iléṣà á máa gbé yàrá iwájú, ọmọ Ìbàdàn á máa gbé ẹ̀yìn, owó iná nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ibi kan ni àdéhùn náà ti kùnà. Ó ní àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ tó bá fẹ́ bá Ìbàdàn lọ, kí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, àwọn tó fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé kí wọ́n máa bá Ifẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kù sórí ilẹ̀ tí Mọdákẹ́kẹ́ wà. Orí ìwé ló dùn sí. Àwọn tí wọ́n ń kó lọ kó bọ̀ yìí, oko wọn wà níbẹ̀, òkú wọn wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Wọn ò lọ. Ogun náà kò sì parí pátápátá fún ọdún méje mìíràn, ti Mọdákẹ́kẹ́ yìí àti ti Ìlọrin tó kọ̀ láti fi Ọ̀ffà sílẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ní 1909 wọ́n tú Mọdákẹ́kẹ́ ká, lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n tún padà dé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé àwọn alágbára ń jókòó láti parí ogun Ukraine, tí wọ́n ń fi ìka fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀, pé apá kan fún tibí, apá kan fún tọ̀hún, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: àwọn tó ń gbé orí ìlà yẹn ńkọ́, ta ló bi wọ́n? Ìlà tí wọ́n fà ní 1886 láì bi àwọn tó ń gbé orí rẹ̀, a tún rí i nígbà tí Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ jà ní 1981, a tún rí i láti 1997 títí di 2000, tí wọ́n ń sun ilé, tí wọ́n ń pa ara wọn ní òpópónà kan náà, ní ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí Samuel Johnson ti ká ìwé rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé.